Ìjọ́ Mẹ́sàn-án sí Ìkógòsì

Ìwé náà ti wà lára pátákó ìkéde fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó dúró kà á. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa òṣìṣẹ́ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀: ìrìnàjò ìsinmi sí Ìkógòsì, ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fìlà kan, ẹ̀wù kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí láyà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn yóò sanwó gbogbo rẹ̀. Pákéèjì ni wọ́n ń pè é. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni méjì-méjì ni yóò máa sùn nínú yàrá kan.

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ̀ ní yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa. Bébà, gílóòbù, ìgbálẹ̀, àgádágodo, ọ̀ṣẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wá gbà á. Bàbá Sítọ̀ ni wọ́n ń pè mí, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Mi ò tètè lọ sí ilé ìwé. Akọtógbó ni mo dàgbà sí, níbi tí àwọn òbí mi ti ń fún epo, mo sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí ẹnikẹ́ni tó fà mí lọ́wọ́ dé kíláàsì kìíní. Àwọn tí a jọ jókòó níbẹ̀ kò ga dé àyà mi. Ohun tí mo ti mọ̀ ṣáájú ilé ìwé wà nínú mi jinlẹ̀ ju ohun tí ilé ìwé kọ́ mi lọ. Mi ò mọ̀ pé yóò tún yọjú sí mi lọ́jọ́ orí yìí.

Ọdún kejì tí ìyàwó mi kú ni ara mi kò balẹ̀ mọ́. Ọdún àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo jókòó. Èèyàn wá, wọ́n lọ, mo jókòó. Ìgbà tó di ọdún kejì, àga kò gbà mí mọ́. N ó dìde lọ wo ilẹ̀kùn tí mo ti tì. N ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ tu koríko tí kò tíì ju ìka lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó gun ọ̀kadà lọ sí Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, n ó ra ẹ̀pà, n ó gun òmíràn padà sílé. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni mo lọ ṣe, n ó ní ẹ̀pà ni mo lọ rà. Ẹ̀pà sì wà ní ìta ilé mi.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn, mo máa ń kí ìyàwó mi. N ó ní, "Ṣé o jí dáadáa?" N ó dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn, lẹ́yìn náà n ó dìde. Orí mi pé. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni ẹnu mi fi ṣe é, ẹnu kò sì gbọ́ pé a ti sin ín.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá ọkùnrin mìíràn sùn ní yàrá kan náà. Mi ò lè kọ ìyẹn sórí ìwé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi ní sítọ̀ lọ́jọ́ kan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹlẹ́nu dídùn, ọkùnrin tí í rìn bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n lọ sí Àgbádárìgì lọ́dún tó kọjá, fèrè ló fi ń kó wọn jọ bíi tìṣà eré ìdárayá. Fèrè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá Sítọ̀, mi ò tíì rí orúkọ yín."

"Mo ti ka ìwé náà."

"Kíkà kọ́ la ní kí ẹ ṣe, orúkọ la ní kí ẹ kọ."

"Mò ń rò ó."

"Kí lẹ wá ń rò? Ẹ̀yin á kàn jókòó ni. A ó gbé yín lọ, a ó bọ́ yín, a ó wẹ̀ yín nínú omi, a ó dá yín padà."

"Bí àgbò iléyá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mi mú. "Àgbò iléyá kì í padà wálé, Bàbá. Ẹ̀yin á padà." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò rẹ̀ fún mi lórí ìka: aago mẹ́fà, jíjí, aago méje, oúnjẹ, aago mẹ́jọ, omi, aago mẹ́wàá, òkè. Bó ṣe ń kà á ni ẹsẹ̀ mi ń yún mi lábẹ́ tábìlì. Ó wù mí kí n lọ síbi omi náà. Kò wù mí kí ẹnìkan fi fèrè sọ fún mi pé ó tó, kí n jáde.

Mo sọ fún un pé n ó dá lọ. Ó ní dídá lọ kò dára fún ẹni tó ń dá gbé. Mo ní bí mo ṣe ń dá gbé náà ni n ó ṣe dá lọ.

Ọmọ mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Àkúrẹ́ ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń fẹ́ kí n kó wá sọ́dọ̀ òun. Ó ti kun yàrá kan sílẹ̀. Kò sí ìgbà tí yóò pè mí tí kò ní dárúkọ yàrá náà: wọ́n ti so kọ́tìnì rẹ̀, wọ́n ti gbé fáànù síbẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá àwọn èèyàn yín lọ," ó ní. "Wọn á mójú tó yín."

"Mo lè mójú tó ara mi."

"Ẹ ti gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì rí?"

"Rárá."

"Ẹ ti dá lọ síbi tí ẹ ò mọ̀ rí, tí màmá ò bá yín lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó ti rí ohun tó ń wá.

"Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àdéhùn. Bí ẹ bá dá lọ, tí ẹ dá bọ̀, tí kò sí wàhálà kankan, mi ò ní dárúkọ Àkúrẹ́ fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣìnà, bí nǹkan bá dojú rú, ẹ máa kó wá ni o. Kò ní sí àwáwí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mo wo àyíká ilé náà nígbà tí mò ń di fóònù mú, ilẹ̀kùn tí ìyá rẹ̀ yàn, àga rẹ̀ tí mi ò tíì gbé kúrò lójú fèrèsé.

"Mo gbà," mo ní.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ará Èkìtì fún mi ní nọ́ḿbà ilé ìtura kékeré kan nítòsí omi náà. Mo pè wọ́n ní Ọjọ́rú, ní òwúrọ̀. Mo dìde dúró kí n tó pè, bí ẹni fẹ́ lọ rí ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan ló gbé e.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ wọlé, sà?"

"Ìjọ́ mẹ́sàn-án òní."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin mélòó?"

Mo dúró díẹ̀. "Èmi nìkan."

"Ó ti wọlé, sà."

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo ka orúkọ mi níbẹ̀, ó pé. Àwọn nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé e, mi ò kà wọ́n. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọjọ́, kí ni mo tún fẹ́ fi nọ́ḿbà ṣe? Mo pa fóònù dé, mo sì lọ sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀ kékeré kan tí mi ò jẹ́ kí ojú mi gbé jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, mo jáde nílé ní kùtùkùtù. Aṣọ ìpààrọ̀ méjì, bùrọ́ọ̀ṣì, àti púpurù tí mo ti gún, tí mo sì ti jọ̀ sínú ọ̀rá. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹni tó bá gbé púpurù dání kò sọnù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti yan lórí ẹ̀fín ni, kì í bàjẹ́, omi gbígbóná péré ló ń béèrè. Mo sì ti ronú pé ibi omi gbígbóná gan-an ni mò ń lọ.

Gáréèjì wa sí Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó. Oǹdó sí Àkúrẹ́. Nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ti dúró gbé èrò, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí ó bá tún gbéra, á rọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí láti Ọ̀rẹ̀ bi mí bóyá wọ́n ń dúró dè mí níbì kan. Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ sì ń wo aago bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ń rọbí."

Ní Àkúrẹ́ ni mo ti hùwà tí kò yẹ àgbà. Ilé ìwòsàn tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ Ìgbàrà-Odò. Mo fa fìlà mi bojú. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo tẹrí ba, mo ń tú okùn bàtà mi, mo sì tún ń so ó. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ń sá fún ọmọ tó bí. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá ilé ìwòsàn náà, mo gbé orí sókè, ọkàn mi sì fò bíi ti ẹni tó sá kúrò ní ilé ìwé. Mo rò pé mo ti yege.

Ní Ìgbàrà-Odò mo gun ọ̀kadà. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní apá ọ̀tún àti òsì, afẹ́fẹ́ sì yí padà. Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí mo gbé àpò mi sílẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tó ń gba àlejò. Ó wo ìwé. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wò mí.

"Ọ̀la ni yàrá yín, sà."

"Òní ni."

"Fúráìdeè ni mo kọ síbí. Òní, Tọ́sìdeè ni."

"Mo sọ fún yín pé ìjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́rú ni mo pè." Mo na ìka mi sókè. "Ọjọ́rú, ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀, méjì. Ẹtì, mẹ́ta." Mo kà á dé mẹ́sàn-án. Ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ gẹ́lẹ́.

Ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó na ìka tirẹ̀ náà. "Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan. Ẹtì, méjì."

"Kí ló dé tí ẹ ò ka ọjọ́ tí mo pè?"

"Ọjọ́ tí ẹ pè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà. Ẹ ò lè tún kà á."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìka mi nínú afẹ́fẹ́. Ní Akọtógbó, ọjà ni a fi ń mọ ọjọ́. Bí a bá ná ọjà lónìí, wọ́n á ní ó di ìjọ́ márùn-ún òní. Òní ni ọ̀kan, ọ̀la ni méjì. Bí o bá ka márùn-ún láìka òní mọ́ ọn, wàá gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ sí ọjà tó ti tú lánàá, ẹnìkan kò sì ní bá ọ káàánú. Kí n tó mọ A, mo ti mọ ìyẹn. Mo ṣí fóònù, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Nọ́ḿbà ọjọ́ Fúráìdeè ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ kò ṣẹ̀ mí.

Yàrá wọn ti kún. Ìsinmi ìjọba bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ayé ló fẹ́ wá ti ẹsẹ̀ bọmi. Ó pe ilé ìtura méjì mìíràn fún mi, kún-kún ni. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí mò ń bẹ̀rù. "Ẹ ò ní ẹbí ní Àkúrẹ́, sà? Ẹ lè sùn síbẹ̀, kí ẹ padà wá láàárọ̀. Ọkọ̀ ṣì wà."

Mo jáde síta. Lóòótọ́ ọkọ̀ ṣì wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo lè wà ní ẹnu ọ̀nà ọmọ mi, yóò sì gba àpò lọ́wọ́ mi. Kò ní bá mi jà, kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò kàn gbé àpò náà lọ sínú yàrá tó kùn. Àpò yẹn ni mo ń rí lójú mi, bí ó ṣe ń gbé e lọ. Mo mọ̀ pé bí ó bá wọlé lọ́nà yẹn, kò ní jáde mọ́. Ìpààrọ̀ aṣọ méjì yóò di mẹ́wàá, ẹnìkan yóò lọ kó ìyókù ní Òkìtìpupa, ilẹ̀kùn tí ìyàwó mi yàn yóò di ti ayálégbé.

Mo rìn lọ síbi omi nítorí pé mi ò lè dúró lójú kan. Mi ò tíì dé ibẹ̀ tí mo fi gbọ́ fèrè.

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni, Ọjọ́bọ̀ kan náà ni ìrìnàjò wọn bọ́ sí. Wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé, fìlà pupa lórí gbogbo wọn. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí mi. Ó yọ fèrè lẹ́nu.

"Ẹ wò ó, àgbò wa ti padà wálé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Ó rí àpò tó ṣì wà léjìká mi, ó sì sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó lè rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Mo dé ṣáájú ọjọ́ mi."

"Báwo?"

"Mo ka ọjọ́ sí òdì."

Kò béèrè síwájú sí i. Ó ní ẹnìkan kò lè wá nínú àwọn òṣìṣẹ́, ibùsùn rẹ̀ ṣófo nínú yàrá awakọ̀ wọn. Kí n lọ gbé àpò mi síbẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun kò ní fún mi ní fìlà.

Ibùsùn méjì ló wà níwájú mi, ọ̀kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan nínú pákéèjì tí mo sá fún. Mo ní kó mú mi lọ sí ti awakọ̀.

Ọkùnrin tó tó ẹni ogójì ọdún ni awakọ̀ náà, ará Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Nígbà tó rí ọ̀rá ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé púpurù nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì ni wọ́n fi ń bọ́ mi láti àárọ̀." Mo sọ fún un pé mo rò pé omi ibí yóò gbóná tó láti rò ó. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sórí ibùsùn. Ó ní òun ti ti ọwọ́ bọ omi náà, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n lè fi wẹ̀, kò lè ro púpurù. Ó ní, "Àwa ará Ìkálẹ̀ nìkan ló lè gbé oúnjẹ wá síbi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́." Ó gba ike lọ sí ilé ìdáná, ó bu omi híhó wá, a rò ó, a fi ẹja gbígbẹ rẹ̀ jẹ ẹ́. Kí n tó sùn, mo pinnu pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, mi ò ní la ẹnu lówùúrọ̀.

Mo la ẹnu. Ojú mi kò tíì là tán tí mo ti ní, "Ṣé o jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n," awakọ̀ dáhùn láti ibùsùn kejì. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ibùsùn yìí ò dùn yín lẹ́yìn?"

Òun ló rò pé mo kí. Kí ló tún fẹ́ rò? Àgbàlagbà jí, ó kí ẹni tó kéré sí i. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo òrùlé. Ọdún méjì ni mo ti ń dúró ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn, ẹnìkan kò dáhùn rí. "Kò dùn mí," mo ní. Ó wọ bàtà, ó lọ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo pe ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe kà á, bí ọmọbìnrin náà ṣe kà á, ibi tí mo sùn.

"Nítorí náà, mo ti ṣìnà," mo ní. "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ."

Mo gbọ́ tí ó fa àga kan, tí ó jókòó.

"Màmá máa ń yọ ọ̀kan kúrò," ó ní.

"Kí ni?"

"Nínú ọjọ́ yín. Bí ẹ bá ní ìjọ́ márùn-ún, á ka mẹ́rin síwájú lórí kàlẹ́ńdà, á fi bírò sàmì sí i. Ìgbà tí ẹ ń lọ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá yín. Ìgbà ìpàdé àwọn òbí. Ìgbà tí ẹ ní ẹ máa wá mú mi nílé ìwé. Gbogbo ìgbà ló ń yọ ọ̀kan kúrò. Àfi bí ẹ ò bá sọ fún un ni nǹkan máa ń wọ́."

"Kò sọ fún mi."

"Ó ní ká má sọ fún yín. Ó ní kíkà yín kò burú, kàlẹ́ńdà ni kò mọ̀ ọ́n."

Mo ń rántí kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa, àwọn àmì búlúù kéékèèké tí mo máa ń rò pé ti ìjọ rẹ̀ ni, ọjọ́ ìsìn aláṣọ funfun, ọjọ́ ààwẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń dé ibi gbogbo ní àsìkò, tí mo sì ń yin ara mi.

"Bàbá?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Ẹ ò ṣìnà. Ọjọ́ lẹ ṣì."

"Ó yàtọ̀?"

"Ó yàtọ̀ díẹ̀," ó ní. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin ilé ìtura fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Yàrá náà dára, ó mọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo dìde. Mo ṣí fèrèsé, mo tì í. Mo lọ síbi omi, mo bọ́ bàtà, mo ti ẹsẹ̀ kan bọ apá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti èkejì bọ apá tútù, mo sì dúró níbẹ̀ títí àwọn fìlà pupa fi dé, tí wọ́n lọ, tí wọ́n tún padà dé. Kò sẹ́ni tó fun fèrè sí mi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní alẹ́, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni mo ti jẹun, ní owó ara mi, ní ìyọ̀ǹda ara mi. Ó ní kí n fi púpurù tó kù sílẹ̀ bí mo bá ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí n padà. Mo jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo dá àpò mi gbé, mo gun ọ̀kadà, mo wọ ọkọ̀ Ìgbàrà-Odò, nígbà tó sì dé Àkúrẹ́, mi ò fa fìlà bojú. Mo béèrè ọ̀nà ilé ọmọ mi nítorí pé ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n júwe rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí àpò mi. Mo ní, "Fi sílẹ̀. Mo lè gbé e." Èmi ni mo gbé e wọ yàrá náà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún. Fáànù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo sùn síbẹ̀, nígbà tí mo jí mo kí ìyàwó mi, láìrẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ mi tó ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró, kò dáhùn, ó tún ń lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo gbé àpò mi jáde sí pálọ̀.

"Mi ò ní kó wá," mo ní. "Mo mọ̀ pé mo pàdánù àdéhùn. Mi ò ní kó wá."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n n ó máa wá."

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ. "Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?"

"Ìjọ́ mẹ́tàdínlógún òní."

Ó mú bírò, ó lọ síwájú kàlẹ́ńdà tí wọ́n so mọ́ ara ògiri. Ó na ìka, ó sì wẹ̀yìn wò mí.

"Ṣé òní wà níbẹ̀?"

"Òní wà níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an, pẹ̀lú ìka, láìyára. Ọkọ̀ Oǹdó lè máa kún ní gáréèjì ní àkókò yẹn. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo sì dúró wò ó títí ó fi sàmì sí i.